Ẹ má tíì já ti àtijọ́: nọ́ńbà 01 àti fáíbà tuntun ní Ìgbógbó

Ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ní Ìgbógbó, l'Ìkòròdú, ló kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gé ìwé náà kúrú díẹ̀:

"Bọ̀dá Oníwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù wa wà nísàlẹ̀, àwa fúnra wa ń gbé lókè, íntánẹ́ẹ̀tì kan náà la jọ ń lò. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí ilé-iṣẹ́ kan wá gbé àwo funfun kọ́ sórí òrùlé wa, wọ́n sì fún wa ní fóònù orí tábìlì tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01. Nọ́ńbà yẹn ló wà lára pátákó wa, òun ló wà lára ọ̀rá tí a fi ń di oògùn, òun làwọn oníbàárà ń pè bí ara ọmọ wọn bá ń gbóná lóru. Íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ti wá di ìgbín lọ́wọ́ wa. Fáíbà, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba inú wáyà dígí wá, ti dé òpópónà wa, mo sì fẹ́ bọ́ síbẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní London ní kí n kàn pe ilé-iṣẹ́ tuntun, pé wọ́n máa bá mi gbé nọ́ńbà náà wá. Àwọn tó ń ta fáíbà ní kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́? Inú ń bí ọkọ mi, wọ́n ní ìparí oṣù yìí làwọn máa lọ dá ti àtijọ́ dúró."

Màmá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwa ará àdúgbò. Ẹ kọ́kọ́ bá mi di Bàbá lọ́wọ́ mú. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì dá nǹkan kan dúró.

Àbúrò yín kò parọ́, àwọn oní-fáíbà náà kò parọ́. Ọ̀kan ń sọ ti London, èkejì ń sọ ti Nàìjíríà. Nọ́ńbà 01 yín kò lè bá yín kó lọ sí ilé-iṣẹ́ tuntun. Ìyẹn ò sì ní kí ẹ pàdánù rẹ̀ o. Nọ́ńbà lọ́tọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀. Ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti jọ ń gbé inú àpótí kan náà ló jẹ́ ká máa pè wọ́n ní ìbejì. Ẹ máa yà wọ́n ni: kí íntánẹ́ẹ̀tì lọ síbi tó dáa, kí nọ́ńbà dúró lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, kí ẹ wá fọgbọ́n máa gbọ́ ìpè rẹ̀ nínú ilé yín.

Kí n tó ṣàlàyé bí ẹ ṣe máa ṣe é, ẹ yí fóònù orí tábìlì náà dojú bolẹ̀ kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè mí l'Ìkòròdú yìí pé àwọn ní fóònù ilẹ̀, fóònù oní-síìmù ni wọ́n ní. Ó lè tóbi bíi ti ọ́fíìsì ọ̀gá bánkì, kó ní ọwọ́ ìgbéléti àti wáyà rọ̀gbọ̀rọ̀gbọ̀, bí ihò síìmù bá wà nídìí rẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 070, 080, 081, 090 tàbí 091, ọmọ GSM ni. Ẹ rántí àwọn ọmọbìnrin tó ń jókòó sábẹ́ agboòrùn nígbà kan, tí wọ́n ń ta ìpè ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú? Irú fóònù bẹ́ẹ̀ ló wà lórí tábìlì wọn. Ti ẹ̀yin yàtọ̀. Bí ẹ bá tọ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó jáde nídìí fóònù yín, ẹ máa rí i pé inú ráútà, àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, ló wọ̀, nínú ihò kékeré tí wọ́n kọ TEL tàbí PHONE sí. Inú íntánẹ́ẹ̀tì ni ohùn yín ń gbà kọjá láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ jẹ́ kí n tètè dá àwọn oní-síìmù lóhùn kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Láti ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2013 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ fóònù nílẹ̀ wa, ti ṣí ọ̀nà fún ẹni tó bá fẹ́ gbé nọ́ńbà alágbèéká rẹ̀ kúrò ní ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ bọ́ sí, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ àti NIN dání, ẹ fi síìmù àtijọ́ kọ PORT ránṣẹ́ sí 3232, wọ́n á fún yín ní síìmù tuntun. Ẹ ná owó orí rẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó lọ, nítorí kì í bá nọ́ńbà kó. Kẹ́ ẹ sì ri dájú pé orúkọ yín ló wà lórí síìmù náà. Mo mọ ilé tí wọ́n ti lo nọ́ńbà kan fún ọdún mọ́kànlá, ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé orúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ tó ti padà sí ìlú rẹ̀ ló wà nínú ìwé.

Kí ló dé tí ti GSM fi lè kó, tí ti 01 kò lè kó? Nọ́ńbà fóònù dà bí igbe kọ́ńdọ̀. Bí kọ́ńdọ̀ bá ń pariwo "Kẹ́tù, Òjótà!" ní gáréèjì Ìkòròdú, kò sẹ́ni tó máa béèrè bóyá Ẹ̀pẹ́ ni mọ́tò náà ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí oníbàárà yín bá tẹ 0201, tí ó sì tẹ nọ́ńbà díẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ̀rọ ti mọ ilé-iṣẹ́ tí ìpè náà ń lọ. NCC ló ń pín nọ́ńbà fún àwọn ilé-iṣẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ ló wá yọ ẹyọ kan fún yín nínú tirẹ̀. Ayálégbé la jẹ́ lórí nọ́ńbà, a kì í ṣe onílé. Ní ti GSM, ìwé kan wà láàárín gbogbo wọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò kí ìpè tó lọ, tó ń sọ fún wọn pé nọ́ńbà báyìí ti kó kúrò lọ́dọ̀ Airtel, pé ọ̀dọ̀ Glo ló ń gbé. Ìwé yẹn kò ní ojú ewé fún 01. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ta fáíbà fi ń mi orí fún yín. Wọn ò ṣe àìdáa sí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ì bá ti ṣàlàyé.

Ẹ ṣàkíyèsí pé 0201 ni mo kọ lókè yìí, n kò kọ 01. NCC ti yí kóòdù Èkó padà. 0201 ni a ń tẹ̀ ṣíwájú báyìí, nọ́ńbà tó kù wà bó ṣe wà. Mo ń rí pátákó ní Sábó tó ṣì gbé 01 kiri. Kí ẹ tó dá àwọn oní-íntánẹ́ẹ̀tì yín lẹ́bi pé ìpè kì í wọlé mọ́, ẹ fi fóònù ẹlòmíràn tẹ nọ́ńbà yín pẹ̀lú 0201 kí ẹ gbọ́ bóyá á dún.

Ní ti àbúrò yín, ẹ bá mi kí wọn. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2024 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní One Touch Switch ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lábẹ́ Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ fóònù níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tuntun nìkan lèèyàn máa bá sọ̀rọ̀, òun ló máa bá ti àtijọ́ ṣe ìyókù, nọ́ńbà ilé á sì tẹ̀ lé e bí oníbàárà bá ti sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ dá ti àtijọ́ dúró kí ti tuntun tó gba nọ́ńbà lè wá a títí. Wọ́n sì ń pa wáyà bàbà àtijọ́ wọn tì. Ìparí oṣù kìíní 2027 ni wọ́n dá fún un, ara ráútà ni fóònù ilé máa so mọ́ lẹ́yìn náà. Bí àbúrò yín bá ní aládùúgbò àgbàlagbà tó ń so bọ́tìnì pàjáwìrì mọ́rùn, kó rán wọn létí kí wọ́n sọ fún ilé-iṣẹ́ fóònù wọn kó tó di ọjọ́ náà.

Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi náà sì ti jìn. Ní ilé bàbá mi ní Ìpakodò, a ní nọ́ńbà 01 kan lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Inú bí mi lọ́jọ́ kan, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìkẹjà, mo lọ́ fóònù náà sínú ọ̀rá, mo gbé e lé orí tábìlì wọn, mo ní mi ò ṣe mọ́. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi, ó fún mi ní ìwé kan pé kí n buwọ́ lù ú. Ó béèrè pé, "Ṣé tọ́tà, sà, gbogbo rẹ̀ pátápátá?" Mo ní tọ́tà. Kí n tó padà dé Ìkòròdú, nọ́ńbà náà ti kú. Ẹ̀gbọ́n màmá mi obìnrin wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló kọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà rẹ̀, òun náà ni mo lọ pa. Ó pè wá fún oṣù kan gbáko, ó rò pé àgbákò ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yá, ó wọ mọ́tò láti Àjàṣẹ́ gba Sẹ̀mẹ̀ wá, ó kanlẹ̀kùn wa ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹrù àti omijé. Mo padà lọ bẹ àwọn ará Ìkẹjà. Wọ́n ní nọ́ńbà náà ti padà sínú agbọ̀n, ẹ̀rọ ló sì ń yan ẹni tó kàn án. Ìdí nìyí tí mo fi ní kẹ́ ẹ di Bàbá lọ́wọ́ mú.

Ó dáa. Ọ̀nà tó dára jù nìyí lójú tèmi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ bóyá wọ́n lè ya ohùn kúrò lára dátà fún yín, kí wọ́n fún yín ní ohun tí wọ́n ń pè ní àkáǹtì SIP. Ohun mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: orúkọ, ọ̀rọ̀ ìwọlé, àti àdírẹ́sì ẹ̀rọ wọn. Bí ẹ bá ti ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nọ́ńbà yín kò mọ àwo funfun mọ́. Ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, yálà ti fáíbà tuntun, ti 5G tàbí ti Starlink, ibẹ̀ ló máa dún. Ẹ lè kó wọn sínú áàpù lórí fóònù àtijọ́ kan tí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà. Bí ẹ bá fẹ́ràn fóònù orí tábìlì yẹn, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ATA. Etí kan wọ ráútà, etí kejì gba wáyà fóònù. Ẹ má bẹ̀rù pé ó máa jẹ dátà. Ìpè kan kì í gbà tó 0.1 Mbps, fáíbà tó kéré jù lọ kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń sọ̀rọ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan á gbà, pàápàá bí ẹ bá jẹ́ oníbàárà ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí kì í jẹ gbèsè. Àwọn kan á ní ẹ̀rọ àwọn kò mọ ìpè tí kò bá gba orí nẹ́tíwọọ̀kì tiwọn wá. Òótọ́ lè jẹ́, ọ̀lẹ náà lè jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n so yín pọ̀ mọ́ ẹ̀ka tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò. Ẹni tó ń gbé fóònù ní kásítọ́mà kíà kì í sábà mọ ohun tí SIP jẹ́, kò sì yẹ kẹ́ ẹ fi ṣe ìbínú sí i.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ ní kí wọ́n máa darí ìpè nọ́ńbà náà sí fóònù alágbèéká yín láti ọ̀dọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá pè yín á san owó ìpè bó ṣe máa ń san án. Ẹ̀yin lẹ máa san owó ìrìn àjò kejì, láti ọ̀dọ̀ wọn dé orí síìmù yín. Nítorí náà ẹ béèrè iye tó jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ sì máa fi owó díẹ̀ sílẹ̀ nínú àkáǹtì yẹn, nítorí ọjọ́ tí owó bá tán ni ọmọ ẹnì kan máa ṣàìsàn. Ẹ̀yin tó bá jẹ́ síìmù lẹ ní, ẹ lè darí ìpè fúnra yín: ẹ tẹ *21*, ẹ tẹ nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ kó máa lọ, ẹ fi # parí rẹ̀, kí ẹ pè é. ##21# ló ń fagi lé e.

Yálà wọ́n gbà o, wọ́n kọ̀ o, ẹ ra síìmù kan fún ṣọ́ọ̀bù lónìí, kí ẹ forúkọ yín sí i, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ 0201 lára pátákó àti ọ̀rá tuntun tí ẹ bá tẹ̀. Nọ́ńbà GSM ní ẹsẹ̀. Ó lè tẹ̀ lé yín lọ sí ilé-iṣẹ́ yòówù. Nọ́ńbà 0201 kò ní. Èmi kì í fẹ́ kí ẹni tó ń tajà fi orúkọ rere rẹ̀ sórí ohun tí kò lè gbé rìn. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ ka iye ìpè tó ṣì ń wọlé láti orí 0201. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó ń ta ìbánigbófò nìkan ló kù tó ń pè é, ẹ lè jẹ́ kó sinmi.

Ẹ má kàn ra síìmù yẹn kẹ́ ẹ jù ú sínú dúrọ́ọ̀ o. Síìmù tí kò bá pe ẹnikẹ́ni tàbí ra nǹkan kan fún oṣù mẹ́fà, ilé-iṣẹ́ lè pa á. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá kọjá lórí rẹ̀, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Ẹ fi pe ẹ̀gbọ́n yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó tó.

Ohun kan wà tí ẹ ò mẹ́nu bà, tí mo sì fura sí. Ṣé orí nọ́ńbà 01 yẹn ni WhatsApp ṣọ́ọ̀bù wà? WhatsApp Business máa ń gba nọ́ńbà ilẹ̀, ìpè ló fi ń ka kóòdù síni létí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kí nǹkan kan tó yí: ẹ wọ Settings, ẹ wọ Account, ẹ tẹ Change number, ẹ fi nọ́ńbà GSM tuntun sí i. Ẹni tó bá gba nọ́ńbà yín lọ́la lè forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí rẹ̀, kó sì máa dá àwọn tó ń béèrè oògùn lọ́wọ́ yín lóhùn. Bánkì náà, bó bá jẹ́ nọ́ńbà yìí ló wà lọ́wọ́ wọn, ẹ lọ yí i.

Ọ̀rọ̀ iná ló kàn, ibí yìí ni fáíbà ti máa ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá NITEL, ilé-iṣẹ́ fóònù ìjọba àtijọ́, láyé, ẹ rántí pé NEPA lè mú iná lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, bí ẹ bá gbé fóònù létí, á ṣì máa hó gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀. Wáyà bàbà ló ń gbé iná tirẹ̀ wá láti ọ́fíìsì wọn, 48V, láti inú bátìrì ràgàjì ràgàjì. Bóyá ìpè á wọlé, ìyẹn ò sí nínú àdéhùn. Nígbà tí GSM dé ní 2001, wáyà tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó nǹkan. Fáíbà kì í gbé iná. Dígí ni, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí iná bá lọ ní Ìgbógbó, àpótí fáíbà kú, Wi-Fi kú, nọ́ńbà 0201 tó wà lórí SIP náà kú. Ilé-iṣẹ́ iná Egbin wà nílẹ̀ níbí, ní Ìjẹ̀dẹ́, wọ́n kọ́ ọ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, àwa tí a ń rí òpó rẹ̀ lójoojúmọ́ la ṣì ń fi tọ́ọ̀ṣì wá kọ́kọ́rọ́.

Ínfátà tó ń gbé fíríìjì oògùn yín lè gbé àpótí fáíbà náà. Ohun tó ń jẹ kò tó ti gílóòbù àtijọ́ kan. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ nìkan lẹ ní, ẹ ra bátìrì kékeré tí wọ́n ṣe fún ráútà, tí àwọn ọmọ ọjà ń pè ní mini UPS. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ṣájà àpótí fáíbà dojú sókè, kí ẹ ka lẹ́tà wínníwínní tó wà níwájú OUTPUT. Nígbà púpọ̀, 12V ni ẹ máa rí, 1A tàbí 1.5A á tẹ̀ lé e. V ti bátìrì tí ẹ fẹ́ rà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà gan-an, A rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí i. Mo ti rí ẹni tó fi 19V ti kọ̀ǹpútà sí i. Òórùn tó jáde níbẹ̀, mi ò ní gbàgbé.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún fáíbà rárá, ẹ lọ bá aládùúgbò yín tó ti ń lò ó, lọ́wọ́ alẹ́, bíi aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, nígbà tí gbogbo ilé bá ń wo fíìmù. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wọn ìyára rẹ̀ lójú yín. Ohun tí ẹni tó ń tajà bá fi hàn yín ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, ìpolówó ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò náà pé ìgbà wo ni wáyà já kẹ́yìn, àti pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi wá tún un ṣe. Ìbéèrè kejì yìí ṣe pàtàkì ju ìyára lọ l'Ìkòròdú tí a ti ń gbẹ́ títì káàkiri. Ìjọba àpapọ̀ kọ ọ́ sí gáséètì ní 2024 pé ohun ìní pàtàkì orílẹ̀-èdè ni wáyà àti òpó àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni láti bà á jẹ́. Katakata kò ka gáséètì. Lára àpótí fáíbà, iná kékeré kan wà tí wọ́n kọ LOS sí. Bó bá ń ṣẹ́jú pupa, wáyà ti já lójú ọ̀nà, ẹ má pa ráútà kẹ́ ẹ máa tàn án títí. Ẹ pè wọ́n. Bí iná tí wọ́n kọ PON sí bá mọ́lẹ̀ ní àwọ̀ ewé, tí kò ṣẹ́jú, ọ̀nà dáa, wàhálà wà nínú ilé.

Ìyàwó kò ṣòro gbé bí owó ọbẹ̀. Wọ́n lè fi wáyà sílé yín lọ́fẹ̀ẹ́ kí owó oṣù sì wá máa gba ẹ̀mí. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé: iye owó oṣù, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìyára bí ẹ bá lo dátà kọjá ìwọ̀n kan nínú oṣù tí wọ́n pè ní àìlópin, àti ẹni tó máa sanwó bí wáyà bá já nínú ọgbà yín.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá wá so ó, ẹ ní kí ọmọ tó wá náà fi orúkọ Wi-Fi àtijọ́ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé àtijọ́ sínú ráútà tuntun, lẹ́tà fún lẹ́tà, ńlá àti kékeré. Gbogbo fóònù, tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á wọlé fúnra wọn bí ẹni pé nǹkan kan kò yí padà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ó sì ń gba èèyàn lọ́wọ́ ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ọmọ á fi máa pariwo "Mọ́mì, kí ni password?" POS yín, bó bá jẹ́ síìmù tirẹ̀ ló ń lò, kò kàn án.

Ẹ jẹ́ kí méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ fún oṣù kan. Owó oṣù kan náà ni, mo mọ̀ pé ó dùn Bàbá. Láàárín oṣù yẹn ni ẹ máa gbọ́ nọ́ńbà 0201 lórí fáíbà, lọ́sàn-án, lóru, nígbà tí òjò bá ń rọ̀, nígbà tí iná bá lọ. Ìgbà tó bá dá yín lójú ni kẹ́ ẹ tó kọ̀wé pé kí wọ́n wá gbé àwo wọn. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹni tó gbé e buwọ́ lùwé pé òun ti gbà á. Kẹ́ ẹ sì pe oníṣẹ́ òrùlé lọ́jọ́ náà gan-an kó dí ihò tí wọ́n fi kan òpó rẹ̀. Mo ti bá àjà ilé tó wó nínú òjò oṣù keje, ihò nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló fà á.

Bí ilé-iṣẹ́ àtijọ́ bá já nọ́ńbà náà láìgba àṣẹ yín, tàbí tí wọ́n ń gba owó dátà tí ẹ ti dá dúró, ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn wọ́n, ẹ gba nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì. Láìsí tíkẹ́ẹ̀tì, NCC á ní kẹ́ ẹ padà. Bí wọn ò bá ṣe nǹkan kan, ẹ pe NCC ní 622, ọ̀fẹ́ ni.

Ìwé tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí wọn nìyí, mo ti bá yín kọ ọ́, ẹ kàn fi orúkọ àti ọjọ́ sí i:

"Ẹ kú iṣẹ́. Mo ti jẹ́ oníbàárà yín láti ọdún mẹ́jọ. Mo fẹ́ dá íntánẹ́ẹ̀tì mi dúró, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ dá nọ́ńbà fóònù mi dúró. Ṣé ẹ lè yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àkáǹtì SIP tí mo lè lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ mìíràn? Èló ni owó oṣù rẹ̀? Bí kò bá ṣeé ṣe, ṣé ẹ lè máa darí ìpè rẹ̀ sí fóònù alágbèéká mi, èló sì ni ìṣẹ́jú kan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ohunkóhun dúró títí n ó fi gba èsì yín, tí n ó sì tún kọ̀wé sí yín."

Ẹ fi ránṣẹ́ lónìí, Màmá. Bí èsì wọn bá dé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún mi kí Bàbá tó buwọ́ lu ìwé fáíbà.